Ta Ló Ni Ìtumọ̀ Òfin? Ìtàn Ìdájọ́ Chevron ní Amẹ́ríkà, 1984 sí 2024

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Nínú agbo ilé, òwe yìí kò ní àbùkù kankan. Baba sọ̀rọ̀, ọmọ gbọ́ àbọ̀, ó sì fi ọgbọ́n ara rẹ̀ parí ìyókù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá di òfin, tí ó jẹ́ pé ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó sọ àbọ̀, tí ẹni tí yóò sì sọ ọ́ di odindi lágbára láti gba owó lọ́wọ́ apẹja tàbí láti ti ilé-iṣẹ́ pa, ìbéèrè kan yóò yọjú tí a kò lè gbójú fò dá: inú ta ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé? Ṣé inú òṣìṣẹ́ ìjọba tí a fi òfin náà lé lọ́wọ́ ni, tàbí inú adájọ́?

Fún ogójì ọdún, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà dáhùn ìbéèrè yìí ní ọ̀nà kan. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ rẹ̀ yí ìdáhùn náà padà. Àpilẹ̀kọ yìí yóò sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe yí, àti ohun tí ó lè kọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé lábẹ́ òfin tí a kọ sílẹ̀.

Bí àwọn àjọ ìjọba ṣe di alágbára

Òfin-ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ ní ọdún 1787, pín agbára ìjọba sí ọ̀nà mẹ́ta. Ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí wọ́n ń pè ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ni ó ń ṣe òfin. Ààrẹ ni ó ń mú un ṣẹ. Àwọn ilé-ẹjọ́ ni ó ń fi í ṣe ìdájọ́. Ní ọdún 1803, nínú ẹjọ́ tí William Marbury pe James Madison, Adájọ́ Àgbà John Marshall fi ìlànà kan lélẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì ń tọ́ka sí títí di òní: iṣẹ́ adájọ́ ni láti sọ ohun tí òfin jẹ́.

Ṣùgbọ́n ní ayé Marshall, ìjọba àpapọ̀ kéré, òfin rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni ó kọ́kọ́ yí nǹkan padà. Àwọn tí ó ni ojú irin ń gba owó bí ó ti wù wọ́n lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti gbé ẹrù wọn. Nítorí náà, ní ọdún 1887, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó òwò ojú irin láàrin ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Òun ni àkọ́kọ́ nínú irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dojú dé ní ọdún 1929, tí Franklin Roosevelt sì gorí àlééfà ní 1933, àwọn àjọ tuntun rú jáde bí olú: ọ̀kan láti ṣọ́ ọjà ìpín-ìdókòwò àti ọ̀kan láti ṣàkóso rédíò àti tẹlifóònù ní 1934, ọ̀kan láti dá sí ọ̀rọ̀ àárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ní 1935.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọ̀mọ̀ràn ní í mọ oyún ìgbín. Kò sí aṣòfin tí ó lè jókòó sí Washington kí ó kọ ìwọ̀n gbogbo májèlé tí ó lè wà nínú afẹ́fẹ́, tàbí iye ẹja tí a lè pa nínú òkun kí irú ẹja náà má baà run. Nítorí náà, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì a máa sọ àbọ̀: kí owó ọkọ̀ jẹ́ èyí tí ó tọ́, kí oògùn jẹ́ èyí tí kò léwu. Àjọ tí ó ní àwọn onímọ̀ ni yóò sọ ìyókù. Níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá sọ ìyókù ti bá wọn dá sí òfin náà.

Ẹjọ́ méjì ní ọdún kan

Ní ọdún 1944, ẹjọ́ méjì fi hàn pé àwọn adájọ́ fúnra wọn kò tíì mọ ibi tí wọn yóò fì sí. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn ní òpópónà Los Angeles. Ṣé "òṣìṣẹ́" ni wọ́n lábẹ́ òfin ọdún 1935, tí wọ́n fi lè kó ara wọn jọ láti bá àwọn onílé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn dúnàá-dúrà, tàbí oníṣòwò kéékèèké tí ó dá dúró? Àjọ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní bí ìtumọ̀ àjọ bá ti ní ìdí tí ó ṣe é gbà nínú òfin, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ kejì jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ méje ní ilé-iṣẹ́ ẹran Swift ní Fort Worth, ìpínlẹ̀ Texas. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn, wọ́n ń dúró sí ọgbà ilé-iṣẹ́ náà ní òru mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, bóyá iná lè ṣẹ́ yọ. Bí agogo iná bá dún, wọn a dìde. Bí kò bá dún, wọn a sùn tàbí kí wọ́n ta ayò. Ṣé iṣẹ́ ni dídúró bẹ́ẹ̀, tí ó yẹ kí wọ́n gba owó lé e lórí? Adájọ́ Robert Jackson kò sọ pé dandan ni kí ilé-ẹjọ́ tẹ̀ lé èrò ọ̀gá àjọ tí ń bójú tó òfin náà. Ohun tí ó sọ ni pé èrò náà yẹ ní gbígbọ́, àti pé ìwọ̀n ọ̀wọ̀ tí a ó fún un wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ronú jinlẹ̀ sí, bí ó ṣe bá èyí tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ mu sí, àti bí ó ṣe lè yí adájọ́ lọ́kàn padà sí. Lójú Jackson, àjọ dà bí àgbà tí a ń fọ̀rọ̀ lọ̀: a kò gbọ́dọ̀ pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ ẹjọ́ yìí, Skidmore, sọ́kàn, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1946, Ààrẹ Harry Truman fọwọ́ sí òfin tí ń darí ìṣe àwọn àjọ ìjọba. Apá kan nínú òfin yìí ní kí ilé-ẹjọ́ tí ń yẹ iṣẹ́ àjọ wò máa pinnu gbogbo ìbéèrè tí ó bá jẹ mọ́ òfin. Gbólóhùn kékeré yìí dùbúlẹ̀ sínú ìwé fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tí ó kà á sí tó bẹ́ẹ̀. Òun náà yóò jí.

Orísun èéfín kan

Ní ọdún 1970, lábẹ́ Ààrẹ Richard Nixon, Amẹ́ríkà dá àjọ tí ń dáàbò bo àyíká sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè, EPA. Ní ọdún kan náà ni wọ́n ṣe òfin ńlá kan lórí afẹ́fẹ́ mímọ́, wọ́n sì tún un ṣe ní 1977. Àtúnṣe náà ní ìpínlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò bá tíì mọ́ tó kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ "orísun" èéfín ńlá tuntun, tàbí kí ó yí ti àtijọ́ padà, láìgba ìwé àṣẹ tí ó ṣòro láti gbà. Kí ni orísun? Ṣé ihò èéfín kọ̀ọ̀kan ni, tàbí ilé-iṣẹ́ lódindi? Òfin kò sọ ọ́ yéké.

Ní 1981, lẹ́yìn tí Ronald Reagan di Ààrẹ, EPA lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, Anne Gorsuch, ní odindi ilé-iṣẹ́ lè jẹ́ orísun kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ẹni tí ó da igbá ńlá kan bo ilé-iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Bí èéfín tí ń jáde láti abẹ́ igbá náà kò bá ti pọ̀ sí i, ilé-iṣẹ́ lè pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ó wù ú nínú ilé láìgba ìwé àṣẹ tuntun. Àwọn ilé-iṣẹ́ yọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ Natural Resources Defense Council, tí ń jà fún àyíká, gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní 1982, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington dá wọn láre. Ruth Bader Ginsburg, tí yóò wọ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ lọ́jọ́ iwájú, ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ epo Chevron, tí ó fẹ́ kí ìtumọ̀ tuntun náà dúró, gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè. Báyìí ni orúkọ rẹ̀ ṣe di orúkọ ìdájọ́ náà.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1984, Adájọ́ John Paul Stevens ka ìdájọ́. Adájọ́ mẹ́fà ni ó kópa, gbogbo wọn sì fohùn ṣọ̀kan. Àwọn mẹ́ta yòókù kò dá sí i. Stevens la ọ̀nà onípele méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, adájọ́ yóò wò ó bóyá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti sọ̀rọ̀ gan-an lórí ohun tí a ń jà lé. Bí ó bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n bí òfin bá dákẹ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ olójú méjì, adájọ́ kò gbọdọ̀ fi ìtumọ̀ tirẹ̀ rọ́pò ti àjọ; yóò kàn béèrè bóyá ìtumọ̀ tí àjọ mú wá jẹ́ èyí tí a lè fara mọ́. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ ni pé àwọn adájọ́ kì í ṣe onímọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì sí lábẹ́ ìbò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àjọ wà lábẹ́ Ààrẹ, Ààrẹ sì ń jíyìn fún àwọn olùdìbò.

Lọ́jọ́ náà, àwọn oníṣòwò epo ni inú wọn dùn, àwọn tí ń jà fún àyíká ni ó fajú ro. Adájọ́ Antonin Scalia, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn tí ń rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ òfin bí a ti kọ ọ́, di agbẹnusọ pàtàkì fún ìlànà Chevron. Kò pẹ́ tí àwọn adájọ́ kékeré jákèjádò orílẹ̀-èdè fi ń lò ó nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹjọ́.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe yí

Ọ̀bẹ tí a fi gé iṣu fún ẹnìkan lè gé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ìlànà Chevron kò bi ẹgbẹ́ tí ó wà nílé ìjọba. Ẹni tí ó bá ti ní Ààrẹ ni ó ní ìtumọ̀. Nígbà tí Ààrẹ bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì, àwọn tí ó jẹ̀gbádùn ìlànà náà lánàá a bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbà yí ìlànà náà ká díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2000, ó ní àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn kò lè fi òfin oògùn ṣàkóso sìgá, nítorí irú ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lè fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní 2001, ó ní kì í ṣe gbogbo lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ ni ó lè gba ọ̀wọ̀ Chevron. Ní 2005 ẹ̀wẹ̀, nínú ẹjọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tún fi agbára kún agbára: Adájọ́ Clarence Thomas kọ ọ́ pé àjọ lè mú ìtumọ̀ tuntun wá kódà níbi tí ilé-ẹjọ́ ti túmọ̀ òfin olójú méjì tẹ́lẹ̀. Ní 2020, Thomas fúnra rẹ̀ ní ìdájọ́ tí òun kọ yẹn ní àtúngbéyẹ̀wò.

Íntánẹ́ẹ̀tì yìí ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jùlọ. Ọ̀rọ̀ òfin kan náà ni àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ń kà. Ní 2015, lábẹ́ Obama, ó ní àwọn tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú. Ní 2017, lábẹ́ Trump, ó ní wọn kò dà bẹ́ẹ̀. Ní 2024, lábẹ́ Biden, ó padà sí ti àkọ́kọ́. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú òfin náà ní gbogbo ìgbà yìí. Ará ìlú tí ó fẹ́ mọ ohun tí òfin wí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó wọlé ìbò.

Láti ọdún 2016, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò fi ìlànà Chevron dá àjọ kankan láre mọ́. Ní ọdún 2017, adájọ́ kan wọlé tí ó ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìlànà náà kí ó tó débẹ̀. Neil Gorsuch ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Anne Gorsuch tí ìtumọ̀ rẹ̀ lórí orísun èéfín bí ìdájọ́ Chevron. Ní 2022, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ West Virginia bá EPA ṣe, adájọ́ mẹ́fà borí mẹ́ta láti sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó kan ọrọ̀ ajé gbogbo orílẹ̀-èdè, àjọ gbọ́dọ̀ fi àṣẹ tí ó ṣe kedere láti ọ̀dọ̀ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì hàn.

Àwọn apẹja

Ẹjọ́ tí ó wó Chevron kò ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò epo wá. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń pa ẹja kan tí ó jọ ṣáwá nínú Òkun Atiláńtíìkì ni ó ti wá. Òfin ẹja pípa ọdún 1976 gba àjọ ìjọba láàyè láti fi alákìíyèsí sínú ọkọ̀ apẹja kí ó lè ka ohun tí wọ́n bá pa. Ta ni yóò san owó alákìíyèsí náà? Òfin dárúkọ àwọn ibi díẹ̀ tí ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ san án. Ẹja yìí kò sí lára wọn. Ní 2020, àjọ náà ṣe ìlànà pé àwọn apẹja yìí náà lè san án, bí kò bá sí owó ìjọba fún un. Iye rẹ̀ lè tó 710 dọ́là lójúmọ́, àjọ náà fúnra rẹ̀ sì ṣírò pé ó lè dín èrè ọdọọdún oní-ọkọ̀ kù ní ìdá márùn-ún rẹ̀. Loper Bright láti New Jersey pe ẹjọ́. Relentless láti Rhode Island náà pe tirẹ̀. Ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àwọn méjèèjì fìdí rẹmi.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2024, Adájọ́ Àgbà John Roberts ka ìdájọ́ lórí ẹjọ́ méjèèjì pọ̀. Adájọ́ mẹ́fà ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, òun náà wà nínú wọn. Ó gbé gbólóhùn ọdún 1946 jáde láti inú ìwé: ilé-ẹjọ́ ni yóò máa pinnu gbogbo ìbéèrè òfin. Nítorí náà, pé òfin jẹ́ olójú méjì kò tó láti gba ìtumọ̀ kúrò lọ́wọ́ adájọ́. Ó ní iṣẹ́ tí adájọ́ mọ̀ jùlọ ni láti wá ìtumọ̀ tí ó dára jùlọ fún ọ̀rọ̀ tí kò yéni. Ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Àjọ ṣì lè sọ̀rọ̀, kí adájọ́ sì wọn ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí Jackson ti sọ nínú ẹjọ́ Skidmore. Bí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bá fi ẹnu ara rẹ̀ fún àjọ ní àyè láti pinnu nǹkan kan, adájọ́ gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún àyè náà, kí ó kàn ṣọ́ ààlà rẹ̀. Àwọn ìdájọ́ àtijọ́ tí wọ́n ti fi Chevron dá kò sì ní ṣubú nítorí ìyẹn nìkan.

Adájọ́ Elena Kagan kọ èrò àwọn tí kò gbà. Ó mú àpẹẹrẹ àfonífojì ńlá tí wọ́n ń pè ní Grand Canyon wá. Ní 1987, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní kí wọ́n dín ariwo ọkọ̀ òfurufú kù kí ìdákẹ́jẹ́ àdáyébá lè padà síbẹ̀ dé ìwọ̀n tí ó jọjú. Báwo ni ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń pọ̀ tó kí ó tó jọjú? Wákàtí mélòó lójúmọ́? Ṣé adájọ́ ni yóò mọ èyí ju àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tọ́jú àfonífojì náà lọ? Lójú Kagan, ilé-ẹjọ́ ti gba agbára tí ó jẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn mọ́ ara rẹ̀.

Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ṣáájú gbè é lẹ́yìn. Nínú ìdájọ́ mìíràn lórí afẹ́fẹ́ mímọ́, Gorsuch ṣi orúkọ gáàsì kan pè ní ìgbà mélòó kan: dípò gáàsì tí ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ó kọ orúkọ gáàsì tí àwọn oníṣègùn eyín fi ń pa oró. Ilé-ẹjọ́ ní láti tún ìwé náà ṣe. Àṣìṣe akọ̀wé lásán ni, a lè sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, irú rẹ̀ kò lè tètè ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì tí ó wà ní EPA.

Kí ni ó ti ìdí rẹ̀ yọ?

Ní ọjọ́ 2 oṣù kíní ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní Ohio gbé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2024 ṣánlẹ̀, ó sì sọ pé nísinsìnyí tí Chevron ti lọ, òun fúnra òun ni yóò ka òfin náà. Àwọn kan ní èyí dára, nítorí ìtumọ̀ kò ní máa bá ìbò yí mọ́. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe ará ìlú ni agbára bọ́ sí lọ́wọ́. Ó kàn kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí Ààrẹ lè yọ, ó bọ́ sọ́wọ́ adájọ́ tí ó ń jókòó títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ bí ó bá wù ú.

Lérò tèmi, apá méjèèjì ló ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń mú òfin ṣẹ, tí ó tún ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀, tí ó sì ń gba owó lórí ìtumọ̀ náà, ti di olùpẹ̀jọ́ àti adájọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Apẹja tí a ní kí ó san owó tí òfin kò dárúkọ ní ẹ̀tọ́ láti wá ẹni tí kò sí nínú ìjà náà láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n adájọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ gáàsì kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ìwé òfin nìkan ni ìmọ̀. Ọ̀nà Skidmore, tí ó ti pé ọgọ́rin ọdún, ni mo rí pé ó sún mọ́ ọgbọ́n jùlọ: kí a gbọ́ ẹni tí ó mọ̀, kí a sì béèrè ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka òfin tí a jogún láti ọ̀dọ̀ Faransé yóò ti rí i pé Amẹ́ríkà nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Fún ìgbà pípẹ́, bí àdéhùn láàrin orílẹ̀-èdè kò bá yé adájọ́ Ìgbìmọ̀ Ìjọba Faransé, ìyẹn Conseil d'État, ọ̀dọ̀ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ni yóò ránṣẹ́ sí, ohun tí mínísítà bá sì sọ ni yóò tẹ̀ lé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1990, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ GISTI pè lórí àdéhùn àárín Faransé àti Algeria, Ìgbìmọ̀ náà ní òun lè túmọ̀ àdéhùn fúnra òun. Mínísítà ṣì lè sọ èrò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò di dandan mọ́. Ọdún kan náà ni àpérò gbogbogbòò orílẹ̀-èdè tiwa wáyé ní Kùtọnu, tí a sì gba òfin-ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù kejìlá tí ó fún wa ní ilé-ẹjọ́ tí ń ṣọ́ òfin-ìpìlẹ̀.

Ẹnìkan ṣẹ́ kù tí a kò tíì bi léèrè nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ìyẹn ẹni tí ó sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn ní Los Angeles borí ní ilé-ẹjọ́ ní 1944. Ní 1947, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tún òfin náà ṣe, ó sì yọ àwọn tí ó bá dá dúró fún ara wọn kúrò nínú ohun tí "òṣìṣẹ́" túmọ̀ sí. Ó lè jẹ́ òfin tí ó dára, ó lè jẹ́ òfin tí kò dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí a dìbò yàn ni ó sọ ọ́, ní gbangba, pẹ̀lú orúkọ wọn lórí ìwé ìbò, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn mọ ilẹ̀kùn tí yóò lọ kàn. Nígbà tí aṣòfin bá ń bẹ̀rù láti sọ odindi, òṣìṣẹ́ ìjọba àti adájọ́ ni yóò máa du ìyókù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, apẹja yóò sì máa dúró ní etí òkun láti mọ ẹni tí ó borí.